Lẹ́tà ṣíṣí sí Hamadou Djibo Issaka: èmi ni mo pè yín ní Alábahun

Ọ̀gbẹ́ni Issaka,

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Ẹ kò mọ̀ mí, n kò sì rò pé ẹ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní Niamey kì í ṣe kékeré, ẹnìkan nínú wọn á bá mi túmọ̀ rẹ̀. Bábà ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Lágéré ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nísàlẹ̀ ilé alájà kan tó ti ń retí ọ̀dà tuntun láti ìgbà tí mo ti háyà ibẹ̀. Irun ni mò ń gẹ̀, kì í ṣe ìwé ni mò ń kọ, ẹ bá mi fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ó ti yẹ kí n ti bẹ̀ yín láti ọdún 2012, nígbà tí ẹ lọ wa ọkọ̀ ojú omi fún ilẹ̀ Nìjẹ̀r ní Òlíḿpíìkì London.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 28 oṣù keje. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, torí náà ìmọ́tótó àyíká ti sé gbogbo wa mọ́lé títí di aago mẹ́wàá. Ìgbà tí wọ́n ní ká máa jáde, ńṣe ni gbogbo orí ìlú dà bò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, tẹlifíṣọ̀n kékeré tí mo gbé kọ́ sókè dígí ń gbé Òlíḿpíìkì London. Bọ́ọ̀lù là ń retí. Ìdíje ọkọ̀ wíwà ni wọ́n gbé wá, ti àwọn ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Kò sẹ́ni tó wò ó lójú ire nínú ṣọ́ọ̀bù mi, títí àwọn yòókù fi dé òpin, tí wọ́n dorí kodò tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kámẹ́rà wá padà sẹ́yìn, ó bá ẹ̀yin nìkan lójú omi, ẹ ṣì ń bọ̀.

Ẹnìkan bá pariwo pé, “Ẹ wo Alábahun lójú omi!” Ilé wó fún ẹ̀rín. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ni mo sọ ọ́.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rọ yẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó la ojú ọ̀nà kan láti etí oníbàárà mi dé àtàrí. Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni, ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìgbéyàwó. Kò sí àtúnṣe kankan ju pé kí n fá gbogbo rẹ̀ kodoro. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó yẹn títí dòní, orí rẹ̀ ló ń dán jù lọ láàárín wọn, bí ó bá sì rí mi lọ́jà, á fọwọ́ pa á kó tó kí mi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀san díẹ̀ ti ké lórí ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ orí ẹlòmíràn ló ti ké.

Mállàm kan wà tó máa ń jókòó lọ́ọ̀dẹ̀ mi nígbà yẹn, tó ń tún bàtà ṣe. Ọmọ ìlú yín ni. Gbogbo wa ń pè é ní Hausa, á ní Zarma lòun, àwa á tún pè é ní Hausa lọ́jọ́ kejì. Oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tó gbọ́ tí ẹni tó ń ka ìdíje náà dárúkọ Nìjẹ̀r, ó dìde, ó wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà ẹnìkan lọ́wọ́ kan àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì. Kò bá wa rẹ́rìn-ín, kò sì bá wa jà. Ó dúró títí imú ọkọ̀ yín fi kan ìlà. Àwọn èrò tó kún etí adágún náà ń hó yèè lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Mállàm bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì lu àpótí onígi rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lù ú bí wọ́n bá ń kiri ojúlé, kí onílé lè mọ̀ pé aṣebàtà ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kò kiri lọ́jọ́ náà. Ó lù ú, ó padà jókòó, ó ń rán bàtà lọ.

Èmi gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lórí rẹ̀ kí n tó mọ irú ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orí fóònù ni mo ti kà á, ní ọjọ́ tí kò síná tí kò sí oníbàárà: oṣù mẹ́ta péré lẹ ti ń wa irú ọkọ̀ yẹn kí ẹ tó dé London. Oṣù mẹ́ta! Lọ́dọ̀ mi níbí, ọmọ iṣẹ́ tó lo oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ ló ṣì ń gbá. A kò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan orí ọmọ ènìyàn. Ẹ̀yin, omi lẹ ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọgbà lẹ fi ń jẹun, wọ́n ní kí ẹ lọ sí Íjíbítì lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ tún dé Tùnísíà fún ẹ̀kọ́, ó tán, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń wà á láti kékeré. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25 lẹ lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Mahe Drysdale, ọmọ New Zealand tó gba wúrà níkẹyìn, lo ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57 nínú àṣekágbá. Mo ṣírò ìyàtọ̀ rẹ̀: kò pé ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Bí mo bá ń pààrọ̀ abẹ́ ẹ̀rọ mi, ó ń gbà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kíkà kọ́ ló ká mi lẹ́sẹ̀ kò. Ìyà ló ká mi lẹ́sẹ̀ kò.

Dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n wá nǹkan ṣe sí ikùn mi. Mo lọ sí ilé ìdárayá kan nílùú wa níbí. Ẹ̀rọ kan wà ní kọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń dù ú, ẹrù ti ń di lé e lórí: ìjókòó kan tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí irin, okùn tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀, ọwọ́ kan tí wọ́n so ṣéènì mọ́, àti ojú kékeré tó ń ka mítà. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní ẹ̀rọ ọkọ̀ wíwà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín sì tún fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní kí n wà á dé mítà 2,000, iye tí wọ́n ń wà ní Òlíḿpíìkì, kí n fi mọ̀.

Títí dé mítà 300, ọba ni mí. Nígbà tó pé 700, mo rí i pé apá tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kò wúlò. Ọmọkùnrin yẹn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọwọ́ fà á, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi tì í.” Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹni tó bá ti fa omi nínú kànga jíjìn rí á mọ̀ ọ́n: ẹni tó gbọ́n á fi ẹsẹ̀ ti etí kànga, á jẹ́ kí ẹ̀yìn gbé okùn, ọwọ́ á wulẹ̀ gbà á níkẹyìn. Ẹsẹ̀ kọ́kọ́, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ọwọ́ wá parí rẹ̀. Ẹ óò wá yí i padà, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ á ká kò. Ẹ kàn fojú inú wò ó, kí ènìyàn máa fa garawa kan náà nínú kànga kan náà ní igba ìgbà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ sinmi. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ ka 1,300, mo ṣubú kúrò lórí ìjókòó. N kò parọ́ fún yín, mo ṣubú. Wọ́n fi omi tútù nù mí lójú. Ìgbà kẹta tí mo padà lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún, ni mo tó pé 2,000. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú 11 àti díẹ̀, lórí ilẹ̀, nínú ilé, láìsí omi, láìsí afẹ́fẹ́, láìsí ayé tó ń wò mí.

Tiyín kì í ṣe orí ilẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn kà. Ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, síbẹ̀ kílò 14 ló gbọ́dọ̀ wúwo mọ ní kíkéré tán, kò tó ìdámẹ́ta àpò sìmẹ́ńtì kan. Àjẹ̀ méjèèjì ni apá tó fi ń dúró. Ẹni tó bá ṣèèṣì ju ọ̀kan sílẹ̀, inú omi ló ń lọ. Bàtà sì ti wà lórí pákó nínú ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń wà á máa kì bọ̀ ọ́. Mo rò ó pé Mállàm ì bá fẹ́ràn ìyẹn.

Ohun tí n kò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé ẹ̀yìn lẹ kọ sí ibi tí ẹ ń lọ. Gbogbo yín. Ẹni tó bá wà níwájú ló ń rí gbogbo ayé: ó ń wo àwọn tó kù bí wọ́n ti ń bọ̀, ó mọ ẹni tó ń sún mọ́ ọn, ó mọ ìgbà tó yẹ kó tún ṣe gírí. Ẹni tó bá kẹ́yìn kò rí ẹnì kankan. Omi nìkan ló wà lójú rẹ̀, omi tó ti kọjá, àti ipa ọkọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí mò ń pè yín ní Alábahun, ẹ kò rí ẹ̀yìn ẹni tó ń sá fún yín, ẹ kò rí ìlà òpin, ẹ kò sì lè mọ̀ bóyá àwọn yòókù ti lọ jẹun. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo kọjú àga sí ògiri, mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé orí ti yí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín wa nìkan kọ́ lẹ gbọ́. Àwọn oníròyìn náà fi ẹranko kan tó ń fà lórí igi ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí òyìnbó ń pè ní sloth, sọ yín lórúkọ. Wọn kò sàn jù mí lọ, kìkì pé wọ́n mọ orúkọ ẹranko jù mí ni. Steve Redgrave náà sọ̀rọ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì márùn-ún léra wọn, láti 1984 dé 2000. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n wà jù yín lọ wà nílẹ̀ ibòmíràn tí wọn kò rí àyè wọlé. Kò purọ́. Èmi náà tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ ọwọ́, inú mi kì í dùn bí wọ́n bá pe ẹni tó mú ẹ̀rọ láná síbi tí mo ti ń dúró de ìpè. Bí mo bá jẹ́ atukọ̀ kan ní ilẹ̀ òyìnbó tó kù díẹ̀ káàtó fún, inú á bí mi.

Síbẹ̀, ìwé ìpè lẹ gbà wọlé, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tí eléré wọn kò pọ̀, kí nǹkan tí wọ́n ń pè ní ti gbogbo ayé má baà di ti àwọn olówó nìkan. Ta ló sì ní kí wọ́n má rántí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Ní Athens lọ́dún 1896, ojú ọjọ́ kò dára, wọn kò lè wa ọkọ̀ náà rárá. Ní Paris lọ́dún 1900, lórí odò Seine, àwọn ará Netherlands méjì rí i pé ẹni tó ń darí ọkọ̀ wọn ti wúwo jù, wọ́n wá ọmọdékùnrin Faransé kan síbẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n sì borí. Títí dòní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọmọ náà dájú. Oṣù mẹ́ta lẹ̀yin fi kọ́ tiyín. Òun, kí ló kọ́?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Bobby Pearce, ọmọ Australia, ní Amsterdam lọ́dún 1928. Inú irú ọkọ̀ tiyín gan-an ló wà, ẹnì kan ṣoṣo, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ fi ń kọjá níwájú rẹ̀ nínú ìdíje. Ó dáwọ́ dúró kí wọ́n kọjá. Ó sì tún padà lé ẹni tó bá a díje bá, ó gba wúrà níkẹyìn. Pearce dúró fún pẹ́pẹ́yẹ, ayé ní ọmọlúàbí ni. Ẹ̀yin kò dúró rárá, ayé ní ẹ lọ́ra.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tiyín, lórí omi kan náà, ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin ti South Africa gba wúrà, Sizwe Ndlovu sì wà nínú rẹ̀, ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá. N kò rí i. Epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí nìyẹn, iná wà láti fi ẹni tó kẹ́yìn ṣẹ̀sín, kò sí iná láti wo ẹni tó borí.

Ẹ óò bi mí pé kí ni àwa alára ṣe. Ní 2012 tí à ń rẹ́rìn-ín yẹn, ilẹ̀ Nàìjíríà tó tóbi báyìí kò ní ẹnì kankan nínú ìdíje náà. Ó di 2016 kí obìnrin kan, Chierika Ukogu, tó gbé àsíá wa wọ inú ọkọ̀ yẹn ní Rio. Esther Toko ló tẹ̀ lé e ní Tokyo. Nígbà tí mo rí orúkọ yẹn, mo ní ẹ dákun, ta ló sọ ọ́? Ẹni tó ń tukọ̀, tó ń jẹ́ Toko! Kì í ṣe Yorùbá ni orúkọ náà o, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń túmọ̀ fún yín tàn yín, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi nínú.

Ifẹ̀ tiwa yìí ló tilẹ̀ yẹ kó tì lójú jù. Àwa la sọ fún gbogbo ayé pé omi ló kún ilẹ̀ bámúbámú kí ilẹ̀ tó wà. Ẹ̀wọ̀n sì ni Odùduwà fi rọ̀ wá, kì í ṣe ọkọ̀. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú ọmọbìnrin mi lọ wo omi Ọ̀pá, adágún tí wọ́n fi ìsédò ṣe sínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àárọ̀ ni, kùrukùru ṣì wà lójú omi, ó tẹ́jú bí dígí ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó máa bu omi sí i lára. Apẹja kan ṣoṣo la bá níbẹ̀ nínú ọkọ̀ igi, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjú síbi tó ń lọ. Mo sọ fún ọmọ mi pé adágún Dorney tí ẹ ti wa ọkọ̀ náà nígbà Òlíḿpíìkì London, ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, ilé ìwé Eton ló sì ni ín. Ó ní, “Dádì, ilé ìwé ló ni èyí náà.” N kò rí èsì fún un. Ó tún bi mí bóyá àwọn ọmọdé náà lè wà á. Mo sọ fún un nípa Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi sí Dakar lọ́dún 2026, pé orí iyanrìn etí òkun ni wọ́n ti máa sáré dénú ọkọ̀, wọ́n á wà á lọ wà á bọ̀, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ sáré. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jókòó sórí pákó ìfọṣọ nínú ilé, tó ń kọ̀yìn sí wa, tó ń fa okùn ìsáṣọ ìyá rẹ̀.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín yín máa ń sọ pé ilẹ̀ yín kò fẹnu kan òkun, pé aṣálẹ̀ ni. Wọ́n gbàgbé odò. Odò tó fún ilẹ̀ yín lórúkọ, tó kọjá ní Niamey, òun náà ló wọ ilẹ̀ wa, tó kọjá ní Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja kó tó dé òkun. Ọya là ń pè é, ìyàwó Ṣàngó. Bí ẹ bá ju igi sínú rẹ̀ níwájú ilé yín, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ẹni tí à ń bá mu omi odò kan náà, a kì í pè é ní Alábahun. Ẹ forí jì mí.

Mo kà á pé ẹ sọ fún àwọn oníròyìn ní London pé àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ nílé pọ̀, pé ọkọ̀ lẹ ń dúró dè. Mo nírètí pé ọkọ̀ náà dé.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Mállàm aṣebàtà kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ní 2014, ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn, òun ń bọ̀. Kò tíì dé. N kò bẹ̀ ẹ́ rí nítorí ọjọ́ yẹn, ojú ń tì mí, mo sì rò pé àyè ṣì wà. Bí ẹ bá gbọ́ ẹnìkan tó ń lu àpótí kọ́, kọ́, kọ́ kọjá ní àdúgbò yín, tó gbọ́ Yorùbá Ifẹ̀ dénú, ẹ bá mi bi í bóyá ó gbé Lágéré rí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún un pé bábà ní ìjókòó rẹ̀ ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ẹ sì ní bàtà mi dúdú kan, ti ẹsẹ̀ òsì, wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Èyí tó kù wà níbí, lábẹ́ dígí.

Èmi ni,
Bábà Lágéré, Ilé-Ifẹ̀